Súkúrúù Tó Kọ̀ Tí Kò Tú: Bí A Ṣe Ń Mọ Irin Tó Tọ́ Sí I

Súkúrúù kan ṣoṣo lè dá odindi iṣẹ́ dúró. Àwọn yòókù ti tú, wọ́n ti wà nínú àwo, ẹyọ kan tó kù ló takú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á fi agbára kún agbára. Wọ́n á di súkúrúdíráfà mú gírígírí, wọ́n á lọ́ ọ títí iṣan ọrùn á fi yọ, irin ọwọ́ wọn á yọ̀ kúrò lójú súkúrúù náà, á sì gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ. Wọ́n á tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ojú náà á ti di kòtò róbótó tí irin kankan kò rí ibi dì mú nínú rẹ̀ mọ́.

Agbára kọ́ ló kù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó yí ọwọ́ rárá, láti ìgbà tí wọ́n ti mú irin tí kì í ṣe ti súkúrúù náà. Gbogbo ara súkúrúù ti wọlé, orí rẹ̀ nìkan la rí dì mú. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú nǹkan pé kó fi dídáàbò bo orí yẹn ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì péye, ọ̀nà tó wà láti tú u pọ̀. Bó bá ti jẹ, ọ̀nà á dín kù, wàhálà á sì pọ̀ sí i.

Sítáà kì í ṣe ẹyọ kan

Ojú tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni èyí tó ní apá mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sítáà. Lójú lásán, gbogbo wọn jọra. Ṣùgbọ́n irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú wọn, súkúrúdíráfà ọ̀kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá ojú èkejì mu.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Phillips. Henry F. Phillips, oníṣòwò kan ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1936, ọkọ̀ Cadillac sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi í kàn. Bí ẹ bá tan iná sínú ojú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ògiri kòtò náà dagẹ̀rẹ̀: ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń wá. Bí ẹ bá ṣe ń yí i, apá kan nínú agbára yín kò lọ sí yíyí, ṣe ló ń ti súkúrúdíráfà sókè. Bí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò bá lágbára tó, irin á gun ògiri náà jáde, á sì ha á bó ṣe ń jáde.

Èkejì ni Pozidriv, tó dé ní àwọn ọdún 1960. Àmì rẹ̀ ni ìlà kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n fà sáàárín àwọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí ìlà mẹ́jọ dípò mẹ́rin. Ògiri tirẹ̀ kò dagẹ̀rẹ̀ tó ti Phillips, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ti irin jáde. Àwọn àga àti kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe ní Yúróòpù kún fún un. Bí ẹ bá ki Phillips bọ ojú Pozidriv, á wọlé, ṣùgbọ́n á máa mì. Bí ẹ bá ki Pozidriv bọ ojú Phillips, kò ní í kan ìsàlẹ̀. Méjèèjì ló ń ba orí jẹ́. Ara irin súkúrúdíráfà ni ẹ ó ti rí èyí tó jẹ́: PH dúró fún Phillips, PZ sì dúró fún Pozidriv.

Ẹ̀kẹta ni ti Japan, tí wọ́n ń pè ní JIS, ìyẹn orúkọ ìlànà ilé iṣẹ́ ti Japan ní ìkékúrú. Àwọn alùpùpù Japan, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì tó-tó kékeré kan lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Ẹnu súkúrúdíráfà Phillips máa ń kan ìsàlẹ̀ ojú JIS kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kún inú ibẹ̀, orí góńgó rẹ̀ nìkan ló wá ń ṣiṣẹ́. Ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gégùn-ún fún súkúrúù alùpùpù pé irin rẹ̀ kò dára ló jẹ́ pé súkúrúdíráfà ọwọ́ wọn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Súkúrúdíráfà JIS kì í wọ́n. Ó sì ń bá ọ̀pọ̀ ojú Phillips mu dáadáa, nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àwọn ará Japan kò ní kábàámọ̀ bó bá ní in lọ́wọ́.

Yàtọ̀ sí irú, ìwọ̀n tún wà. Ti Phillips bẹ̀rẹ̀ láti PH000 dé PH4. PH2 ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé, PH1 wà lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, PH0 àti PH00 sì wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká àti fóònù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n ń lo PH1 níbi tí PH2 tọ́ sí, torí pé PH1 ló wà nítòsí, ó sì wọlé. Wíwọlé nìkan kò tó. Ẹ fi irin náà sójú súkúrúù, ẹ mì í díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láìtíì yí i. Bó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, ẹ gbìyànjú èyí tó tóbi jù ú lọ. Bí súkúrúù náà bá dojú kọ yín lára ògiri, irin tó bá a mu máa ń dúró níbẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kì í rántí: súkúrúdíráfà náà ń gbó. Bí góńgó rẹ̀ bá ti róbótó, tí etí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń dán, ẹ jù ú nù. Irin tó ti jẹ á jẹ orí gbogbo súkúrúù tó bá fọwọ́ kàn.

Àwọn ojú yòókù

Onífúláàtì rọrùn láti mọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀. Ẹnu súkúrúdíráfà gbọ́dọ̀ gùn tó ojú náà láti etí dé etí, kó sì nípọn tó o, kó má sì fẹ̀ yọ síta tí á fi máa ha igi tàbí irin tó yí i ká.

Onígun mẹ́fà, tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ Allen tú, máa ń jẹ ènìyàn níyà nítorí pé ti mílímítà àti ti íńṣì súnmọ́ ara wọn. Kọ́kọ́rọ́ 3/16 íńṣì jẹ́ mílímítà 4.76. Ó ń wọ ojú mílímítà 5, ó tiẹ̀ ń yí i bí kò bá le. Ní ọjọ́ tó bá le, á yọ̀, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì di róbótó. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù dára fún ibi tí ọwọ́ kò ti lè dúró ṣánṣán, àmọ́ ẹ má fi í ṣe ìtú àkọ́kọ́. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè kán sínú ojú náà, wàhálà méjì nìyẹn.

Torx ní apá mẹ́fà tó ṣe róbótó létí bí òdòdó. Ilé iṣẹ́ Camcar Textron ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1967. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, kì í ti irin jáde, ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò àti àwọn oníṣẹ́ igi fi fẹ́ràn rẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni pé ìwọ̀n tó kéré díẹ̀ máa ń wọlé bí ẹni pé òun ni: T20 á wọ ojú T25, ẹ ó sì rò pé ẹ ti rí i. Ibi tó tóbi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tóbi jù lọ tó bá lè wọlé láìfi ipá mú un ni tirẹ̀.

Ní Kánádà, ẹ ó máa rí onígun mẹ́rin, ìyẹn Robertson, tí P. L. Robertson dá sílẹ̀ ní 1908. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n rẹ̀: àwọ̀ ewé ni 1, pupa ni 2, dúdú ni 3.

Àwọn tí wọ́n dìídì ṣe kó má baà rọrùn láti ṣí

Àwọn súkúrúù kan wà tí ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú. Torx onípíìnì ní ọ̀pá kékeré kan láàárín ojú rẹ̀, Torx lásán kò sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ ó lo bíìtì (ẹnu súkúrúdíráfà tí a lè yọ pààrọ̀) tó ní ihò láàárín. Ti Apple ní apá márùn-ún, pentalobe ni wọ́n ń pè é. Ó kọ́kọ́ fara hàn lórí bátìrì MacBook Pro ní 2009, lẹ́yìn náà ló dé ìsàlẹ̀ iPhone 4. P2 ni ti iPhone, P5 sì ni ti ọ̀pọ̀ MacBook. Apá márùn-ún yìí kéré débi pé ojú lè rí i bíi mẹ́fà, ibẹ̀ sì ni ẹlòmíràn ti ń ki Torx kékeré bọ̀ ọ́ tó ń bà á jẹ́. Nintendo ń lo alápá mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà Y lára àwọn ẹ̀rọ eré rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ sì ní èyí tí bíìtì rẹ̀ ń gbé orí súkúrúù mì látòkè, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3.8 fún káàtírììjì àti 4.5 fún ẹ̀rọ náà gan-an.

Lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò àti inú ẹ̀rọ agbénisókè, ẹ ó rí oníhò méjì. Ẹ ó tún rí onífúláàtì tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ tó fi jẹ́ pé súkúrúdíráfà lè dè é ṣùgbọ́n á yọ̀ bí ẹ bá fẹ́ tú u. Fún oníhò méjì, bíìtì rẹ̀ wà, kò sì ṣòro láti rà. Fún èyí tí kì í tú, ẹ dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀nà tí mo máa sọ nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nípa orí tó ti jẹ.

Ìgbàgbọ́ mi ni pé ẹni tó ra nǹkan ló ni ín, ó sì yẹ kó lè ṣí i láti tún un ṣe. Bíìtì kéékèèké tó kún inú àpótí kan, tí gbogbo irú ojú wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ ní. Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo fi ọwọ́ líle mú: máíkírówéfù, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti àwọn àpótí tó ń yí iná padà ní kàpásítọ̀ nínú tó lè di iná mú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wọ́n kúrò lára iná. Iná yẹn ń pa ènìyàn. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná náà dànù, kí súkúrúù náà wà níbi tó wà.

Kí ló dì í mú?

Irin tó tọ́ ti wà lọ́wọ́, súkúrúù kò sì tú síbẹ̀. Ẹ má tíì fipá mú un. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tó dì í mú, torí oògùn ìpẹtà kì í ṣe oògùn gọ́ọ̀mù.

Ìpẹtà ló wọ́pọ̀ jù. Bí irin bá dípẹtà, ìpẹtà náà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó sì ń wú sáàárín súkúrúù àti ihò rẹ̀ títí á fi há gádígádí. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ojú kì í tètè rí: bí súkúrúù irin bá wọ inú alumíníọ̀mù, tí omi, pàápàá omi oníyọ̀, sì dé ibẹ̀, alumíníọ̀mù náà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, á di lẹ́búlẹ́bú funfun tó há ojú tíréèdì, ìyẹn ìlà tó lọ́ yí ara súkúrúù ká, pa. Irin tí kì í dípẹtà pàápàá lè lẹ̀ mọ́ irin bíi tirẹ̀ nígbà tí a bá ń dè é kíákíá láìsí òróró.

Gọ́ọ̀mù tíréèdì náà wà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń fi í sí i kó má baà tú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Nínú ti Loctite, tó jẹ́ orúkọ irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ kan, aláwọ̀ búlúù ń tú pẹ̀lú irin ọwọ́ lásán, àmọ́ ẹ̀dà pupa ń fẹ́ ooru tó tó ìwọ̀n 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó rọ̀. Bí ẹ bá fi òróró sí irú èyí, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ó fi máa dúró lásán.

Ìdí kan sì wà tí kì í ṣe líle rárá: àwọn kan ń tú sápá ọ̀tún. Súkúrúù gbogbo ń tú bí ẹ bá yí i lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, àyàfi àwọn tí wọ́n lọ́ tíréèdì wọn sí òdì. Pẹ́dààlì òsì kẹ̀kẹ́ wà lára wọn. Nọ́ọ̀tì òkúta ìlọrin tó wà lápá òsì ẹ̀rọ ìlọ̀bẹ náà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìdérí tó di apá tó ń yí mú lára ọ̀pọ̀ fáànù orí tábìlì, àti ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ sílíńdà gáàsì tó ń jó. Bí ẹ bá ń tú irú èyí bí ẹ ṣe ń tú àwọn yòókù, ṣe lẹ kàn ń dè é sí i. Ẹ̀yà tó bá ń yí fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa fura sí.

Bí ojú rẹ̀ bá ṣì wà

Ẹ gbá inú ojú náà mọ́. Ọ̀dà tó gbẹ tàbí ìdọ̀tí nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irin kan ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó ṣóńṣó tó láti gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti kun orí súkúrúù náà mọ́ ògiri, ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà yí etí rẹ̀ ká kí ọ̀dà má baà fà á sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi súkúrúdíráfà sínú rẹ̀ ṣánṣán, ẹ fi òòlù kan ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Iṣẹ́ méjì ni èyí ń ṣe: ó ń jẹ́ kí irin jókòó dáadáa, ó sì ń ta ìpẹtà nínú tíréèdì jí kó lè sán. Súkúrúdíráfà tí irin rẹ̀ gba inú èèkù kọjá dé ìdí ni kí ẹ lò, torí èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike lásán á fọ́. Lára ike, gíláàsì tàbí pátákó ẹ̀rọ fóònù, ẹ má fi òòlù kan nǹkan kan.

Nígbà tí ẹ bá wá ń yí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń yí i lọ. Bí agbára yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ fi méje tẹ̀ ẹ́, kí mẹ́ta tó kù jẹ́ ti yíyí. Ẹ jẹ́ kí ara yín wà lẹ́yìn ọwọ́ yín, kí súkúrúdíráfà àti súkúrúù wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ojú ló ń jẹ nítorí pé ọwọ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí dírílì oníná lẹ bá ń lò, ẹ jẹ́ kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́. Eré ló ń fi ojú súkúrúù ṣòfò.

Ẹ gbìyànjú láti kọ́kọ́ dè é sí i díẹ̀, bíi ìdá mẹ́jọ àyípo kan péré, kí ẹ tó yí i padà. Ó lè dà bíi pé ẹ ń ṣe òdìkejì ohun tí ẹ fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ nílò ni kí ìpẹtà já, kò sì bìkítà nípa apá tí ẹ gbà já a. Bó bá ti gbọ̀n báyìí, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀, kí ẹ má sáré fà á jáde. Súkúrúù tó ti dípẹtà lè kán ní ọrùn nígbà tí inú yín ti ń dùn pé ó ti gbà.

Bí kò bá mì rárá, ìgbà òróró dé. WD-40 ni ọ̀pọ̀ ilé ní. Ní 1953, ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣe é láti máa fi lé omi kúrò lára irin, orúkọ rẹ̀ sì ń sọ pé ìgbìyànjú ogójì ló bọ́ sí i. Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ òróró tí wọ́n dìídì ṣe fún súkúrúù tó há máa ń wọnú jù ú lọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, sùúrù ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ kán an sí i, ẹ fi òòlù kan orí súkúrúù náà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, ẹ tún kán an sí i. Bó bá ti pẹ́ nínú ojò, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹ nu òróró kúrò nínú ojú rẹ̀ kí ẹ tó padà sídìí yíyí, torí òróró tó wúlò ní tíréèdì ń mú irin yọ̀ ní orí.

Irin kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò tàbí alùpùpù ní ṣáájú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn: díráfà tí a ń fi òòlù lù. Ó wúwo, ó nípọn, ẹnu rẹ̀ sì ń gba oríṣiríṣi bíìtì. Bí ẹ bá lu ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sọ ìlù náà di yíyí, súkúrúù á gba àtẹ̀mọ́lẹ̀ àti àyídà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò fún bíìtì láyè láti gun ògiri jáde, torí ìgbà tó ń yí náà ni òòlù ń tì í wọlé. Súkúrúù tó di àwo búréèkì mú, tó ti gba ooru àti omi fún ọdún púpọ̀, sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ kọjú rẹ̀ sápá ìtú, kì í ṣe sápá ìdè, kí ẹ tó lù ú.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Irin ń fẹ̀ bó bá gbóná, nítorí náà, ohun tó yí súkúrúù ká ni kí ẹ mú gbóná, kì í ṣe súkúrúù fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ bóòtù àti nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ni. Gọ́ọ̀mù nìkan ló yàtọ̀: fún súkúrúù kékeré inú ẹ̀rọ, ẹ fi ẹnu áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì lé orí rẹ̀ títí ooru á fi sọ̀ kalẹ̀ dé tíréèdì, kí ẹ sì tú u kó tó tutù. Iná kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ bátìrì, epo bẹntiróòlù, rọ́bà tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró sí. Irin tí wọ́n fi síńkì bò ń rú èéfín tó ń ṣe ènìyàn léṣe. Àwọn oògùn ìfọ-búréèkì kan sì ní kílórínì nínú, tó jẹ́ pé bí iná bá kàn wọ́n, gáàsì olóró ni wọ́n ń dà. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ fi wọ́n fọ̀ gbẹ pátápátá, bó bá sì ṣe é ṣe, ẹ má fi iná kan ibẹ̀ rárá.

Bí ojú ti jẹ

Bó bá jẹ díẹ̀, ẹ fi ègé rọ́bà pẹlẹbẹ lé ojú rẹ̀, kí ẹ fi súkúrúdíráfà tẹ rọ́bà náà wọlé. Ó ń dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń ṣiṣẹ́ fún súkúrúù tí kò le, bí ti inú igi tàbí ike. Fún èyí tó há, rọ́bà á kàn ya ni. Ìyẹ̀fun tútù tí àwọn oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fi ń lọ fáàfù dára jù ú lọ. Hóró wínníwínní inú rẹ̀ ń jẹ́ kí irin di ojú náà mú.

Fún onígun mẹ́fà tó ti di róbótó, ẹ wá bíìtì Torx tó tóbi díẹ̀ ju ihò náà lọ, kí ẹ fi òòlù gbá a wọlé. Apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ á gé ọ̀nà fún ara wọn. Èyí wà lára ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Bí orí súkúrúù bá yọ sókè, ẹ gbàgbé ojú rẹ̀, ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Píláyà tó ń há fúnra rẹ̀ á fún un títí á fi yí. Àwọn píláyà kan tún wà tí wọ́n fa ìlà sí ẹnu wọn lóròó, láti máa fi gbá orí súkúrúù mú látiwájú. Wọ́n wúlò gidi fún súkúrúù olórí róbótó. Ẹ sì lè fi ayùn tí a fi ń gé irin la orí náà, kó di onífúláàtì. Onífúláàtì tó nípọn, díráfà tí a ń fi òòlù lù, iṣẹ́ lè parí síbẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ló ń tú èyí tí wọ́n ṣe pé kó má tú.

Nígbà tí kò bá sí ibi dì mú mọ́, ẹ ó lu ihò. Ẹ wọ awò ojú, torí èérún irin ni yóò máa fò. Ẹ fi pọ́ǹṣì sàmì sí àárín gbùngbùn kí bíìtì má baà sá lọ, kí ẹ fi òróró sí i, kí dírílì máa yí jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹ bá lè rí bíìtì dírílì tí wọ́n lọ́ sápá òsì, ẹ lò ó: apá ìtú ló ń yí bó ṣe ń lu, lọ́pọ̀ ìgbà súkúrúù á gbọ̀n, á sì tẹ̀ lé e jáde kí ihò tó jìn.

Irin ayọ-súkúrúù ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. A ń kì í bọ ihò tí a lu sínú súkúrúù, bí a sì ṣe ń yí i sápá òsì ló ń jẹ wọlé sí i. Ó dára, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju àwọn yòókù lọ. Irin líle gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, irin líle kì í tẹ̀, ṣe ló ń kán. Bó bá kán sínú súkúrúù, bíìtì dírílì lásán kò ní wọ ara rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí súkúrúù bá di nǹkan mọ́ nǹkan, tí a lè gbé èyí tó wà lókè kúrò, èrò mi ni kí ẹ kọ́kọ́ gé orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ó sábà máa ń jẹ́ oògùn. Ẹ fi bíìtì dírílì tó tóbi tó ọrùn súkúrúù lu àárín orí náà títí orí á fi bọ́ sílẹ̀. Ohun tó wà lókè á gbé kúrò, ọ̀pá súkúrúù á ṣẹ́ kù tó yọ síta. Ó sì máa ń yani lẹ́nu bí ó ti ń rọrùn láti fi píláyà yí ọ̀pá yẹn jáde, torí orí tó tẹ̀ mọ́ nǹkan ló ń fà á le, orí sì ti lọ.

Bó bá jẹ́ pé ó kán sínú ihò láìyọ síta rárá, nínú ẹ́ńjìnnì tàbí nǹkan olówó ńlá, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ wẹ́ldà. Á jó nọ́ọ̀tì mọ́ ojú súkúrúù tó kán náà. Ooru iṣẹ́ jíjó yẹn á tú ìpẹtà, nọ́ọ̀tì á sì di ibi tí sípánà lè dì mú.

Níti bóòtù tí igun rẹ̀ ti ń róbótó, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò, kì í ṣe onígun méjìlá. Onígun méjìlá ń tẹ orí igun nìkan, onígun mẹ́fà sì ń tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ. Sípánà tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa dé ni ìkẹyìn nínú gbogbo ohun tó yẹ kí ọwọ́ yín kàn.

Bí ẹ bá ń dá a padà

Ẹ má dá súkúrúù tí ojú rẹ̀ ti jẹ padà síbi tó ti wá. Ẹ wá tuntun, kó gùn gẹ́lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, gígùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: súkúrúù tó gùn ju tirẹ̀ lọ lè gún pátákó ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ṣe ń tú wọn ni kí ẹ máa tò wọ́n sórí ìwé tí ẹ ya ẹ̀rọ náà sí, kí olúkúlùkù lè padà sí ihò tirẹ̀.

Fún irin tó máa rí omi tàbí ooru, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe láti má jẹ́ kí irin há pa tíréèdì rẹ̀, pàápàá níbi tí irin bá ti wọ inú alumíníọ̀mù. Níbi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ti sọ bí ó ṣe yẹ kó le tó, ẹ rántí pé gíríìsì ń jẹ́ kó le ju bí ọwọ́ ṣe rò lọ, kí ẹ dín agbára kù. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe dírílì. Bó bá sì jẹ́ inú ike, ẹ kọ́kọ́ yí i padà sápá ìtú jẹ́ẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ tó ró "kọ́" lábẹ́ ìka yín. Ó ti bọ́ sójú tíréèdì rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ lè wá máa dè é.